Ìlù Àwọn Ebrié àti Ìwé Ìpàdé Tiwa

Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo nítorí ìlù kan ṣoṣo. Djidji Ayôkwé ni orúkọ ìlù náà, àwọn Ebrié tó ni ilẹ̀ Abidjan ló ni ín. Òfin ní kí ó kúrò nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Párísì, kí ó padà sí Côte d'Ivoire. Ọdún 1916 ni àwọn aláṣẹ amúnisìn ti gbà á.

Kì í ṣe ìlù ijó lásán. Ó gùn ju mítà 3 lọ, ó sì wúwo tó kílò 430. Bí àwọn òyìnbó bá ń bọ̀ wá kó ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ ipá tàbí fún iṣẹ́ ológun, ìlù á ti sọ fún àwọn abúlé etí ọ̀sà kí wọ́n tó dé. Ẹni tó gbé e lọ mọ ohun tó ń gbé. Kòkòrò ti jẹ igi rẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ ní 2022.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìlù náà ti kúrò nílé, síbẹ̀ àwọn tó ni ín kò gbàgbé orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìjọba kọ́ ló pa ìrántí yẹn mọ́ fún wọn. Ẹ lọ sí Anono, Blockhauss, Akouédo tàbí Locodjro, àwọn abúlé tí ìgboro ti gbé mì, tí ilé alájà yí ká. Ọdún ìran, èyí tí wọ́n ń pè ní Fatchué, ṣì ń wáyé níbẹ̀. Ìran mẹ́rin ni wọ́n pín ara wọn sí: Dougbo, Tchagba, Blessoué àti Gnando. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, kò ní bèèrè àlàyé. Ní ọjọ́ náà, olórí jagunjagun ìran á jáde níwájú àwọn àgbà, á jó ijó ogun, gbogbo abúlé á sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tó gbangba í sùn lọ́yẹ́. Ṣùgbọ́n ijó kọ́ ni òpin rẹ̀. Ìran tó bá ti kan ló ń gba àkóso abúlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi ń kọ́ ìtàn: iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ti ìjọba ńkọ́? Nígbà ogun ìbò ọdún 2011, àwọn olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Plateau ní Abidjan, wọ́n sì kó ohun tó lé ní 100 lọ. Wọ́n tún ilé náà ṣe, ó sì ṣí padà ní 2017. A kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n má ti àwọn abúlé Ebrié sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìlù náà, kí ó má di ohun tí àlejò ìjọba ń yà fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ó wá ku àwa Yorùbá tí a ń gbé Abidjan. Láti Ẹ̀jìgbò, Inísà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó ni àwọn bàbá àti ìyá wa ti wá tajà ní Treichville àti Adjamé. Ẹ̀jìgbò fúnra rẹ̀ ń ná owó sẹ́fà, bọ́ọ̀sì sì ń ti ibẹ̀ wá sí Abidjan tààrà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pọ̀, a sì mọ ayẹyẹ í ṣe: aṣọ ẹbí, ìlù, ìnáwó. Àmọ́ ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé ìpàdé ọdún 1968 wá, ọdún tí Houphouët-Boigny, ààrẹ Côte d'Ivoire nígbà náà, fọwọ́ sí Biafra, tí ọmọ Nàìjíríà ní Abidjan ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín. Àwọn tó rí ọdún 1958, nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Dahomey àti Tógò jáde ní Abidjan, ti ń tán lọ. Àwọn tí ogun lé sá lọ sílé ní 2002 àti 2011 ṣì wà, ẹnu wọn ṣì dá ṣáṣá, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ìdájọ́ wa kò le. Ayẹyẹ tí kò bá fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀ kò tíì tọ́jú ogún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dùn tó. Owó tí à ń dá fún àga àti àgọ́ tó láti ra ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kan. Àwọn ọmọ tí à ń bí síbí, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, lè jókòó ti àgbà, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì dárúkọ àgbà tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá kí ìpàdé tó tú.