Ẹ Má Bu Agbára Kún Ọkọ̀ Ọpẹ́ẹ́rẹ́, Ẹ Fún Un Lómi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá Assassin's Creed IV: Black Flag, ẹ mọ Adéwálé dáadáa. Ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá láàárín àwọn olè ojú omi Caribbean, tí wọ́n tún wá ṣe Freedom Cry fún òun nìkan lọ́dún 2013. Inú mi dùn gan-an nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: òpó ìgbòkun méjì, àgbá tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bíi ti àwọn òyìnbó tó ń bá jà. Orúkọ wa wọlé, ọkọ̀ wa ò wọlé.

Àròyé mi nìyẹn sí àwọn géèmù ogun ojú omi ayé ìgbòkun, yálà ti orí kọ̀ǹpútà ni o, àbí ti orí tábìlì. Oríṣiríṣi ọkọ̀ máa ń wà nínú ìwé òfin wọn. Àmọ́ tí eré bá ti gbóná, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo èèyàn sábà máa ń kó jáde: èyí tí àgbá rẹ̀ pọ̀ jù.

Kì í ṣe àìgbọ́n, ìṣirò ni. Frederick Lanchester, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1916, ó sì fi ogun Trafalgar ti 1805 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ mẹ́wàá pàdé márùn-ún lórí òkun gbalasa, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dọ́gba, gbogbo wọn sì lè yìnbọn lu ara wọn. Ẹ máa rò pé márùn-ún á pa márùn-ún, àbí? Rárá o. Ẹ sọ mẹ́wàá di púpọ̀ lọ́nà mẹ́wàá, 100 nìyẹn. Ẹ sọ márùn-ún di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún, 25. Tẹ́ ẹ bá yọ 25 kúrò nínú 100, ó ku 75, nọ́ńbà tẹ́ ẹ sì máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó máa fún yín ní 75 ò ju nǹkan bí 8.7 lọ. Ẹni tó ní márùn-ún ti tán pátápátá, ẹni tó ní mẹ́wàá ò sì pàdánù tó ọkọ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n tí àwọn kan náà bá pàdé lójú odò tóóró, tó jẹ́ pé ọ̀kan péré ló lè kojú ọ̀kan, ìṣirò yẹn já. Níbẹ̀, márùn-ún á pa márùn-ún lóòótọ́.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí etí òkun rí á mọ ibi tí mò ń lọ. Omi Ìlàjẹ kún fún odò tóóró, koríko àti ẹrẹ̀. Etí òkun Máhìn gan-an kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni, omi ibẹ̀ kì í sì í tètè jìn. HMS Victory tí Nelson gbé lọ sí Trafalgar ní àgbá 104, ìdí rẹ̀ sì ń wọnú omi ju mítà mẹ́jọ lọ. Kí ló fẹ́ wá wá níbẹ̀? Ọkọ̀ ọpẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́? Omi tó dé orúnkún ti tó o.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù sábà máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ kékeré wúlò ni pé wọ́n á kàn bu agbára kún un. Mi ò fara mọ́ ọn. Lórí òkun gbalasa, tí ọkọ̀ ńlá bá fọ́ ogún ọpẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ́ wọn jàre. Ayò ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò méjìlá, ogun ò rí bẹ́ẹ̀. Máàpù ni kẹ́ ẹ tún ṣe: ẹ kọ jíjìn omi síbẹ̀.

Ẹ wo Èkó, tí omi rẹ̀ àti ti Ìlàjẹ so mọ́ra. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọlu Kòsọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá 1851, àwọn ọkọ̀ ńlá wọn dúró sóde nítorí iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà. Bloodhound, ọkọ̀ kékeré tó ń fi èéfín rìn, àti àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ ló wọlé. Wọ́n lé wọn padà. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún dé pẹ̀lú Teazer. Teazer há sórí iyanrìn níbi tí ìbọn Kòsọ́kọ́ ti ń bà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ̀ ọ́ wá sì fara gbá a. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àti iná ló yanjú ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà mi ò sọ pé ọpẹ́ẹ́rẹ́ ló borí. Èéfín ló gbé òyìnbó wọlé, kò sì sí èéfín ní ayé ìgbòkun.

Ohun kejì tí mo fẹ́ yí padà ni bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1829, nínú omi òkun apá ọ̀dọ̀ wa yìí, HMS Black Joke mú El Almirante. Àgbá méjì péré ni Black Joke ní, ọkọ̀ ẹrú yẹn ní mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ ẹrú ni Black Joke náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, ìyẹn ló jẹ́ kó yára. Nígbà tí afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀, àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á. Èèyàn 466 ló wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n mú. Tí géèmù bá ń fún yín ní máàkì nítorí ọkọ̀ tẹ́ ẹ rì, ẹ̀yin lẹ máa pa wọ́n. Tó bá jẹ́ iye èèyàn tó kù láàyè lẹ máa gba máàkì lé lórí, kò sẹ́ni tó máa kó ọkọ̀ alágbàá 104 jáde. Ọkọ̀ tó yára, tí àgbá rẹ̀ kéré, ló máa wọ́n lọ́jà. Ẹ má sì yọ ibi tó dùn wá sílẹ̀: ọpẹ́ẹ́rẹ́ wa náà ló ń kó ẹrú lọ bá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ géèmù ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ mú téèpù dání lọ sí Ìlàjẹ. Ẹ yà ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ báyìí. Ẹ bi àwọn tó ń kan ọkọ̀ léèrè bí ìdí rẹ̀ ṣe ń wọnú omi tó tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, àti tí kò bá sí. Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí lára káàdì ọkọ̀, kí n tó ka iye àgbá rẹ̀.