Ike Inú Ojú: Ẹ Jẹ́ Ká Dín Owó Rẹ̀ Kù

Ike ni. Ìdáhùn tí mo máa ń fún àwọn ènìyàn nìyẹn tí wọ́n bá bi mí pé kí ni dókítà fi sínú ojú ìyá wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ní Abẹ́òkúta, síbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi òkú àgbà, nínú ọkọ̀ Ṣàgámù, ẹnìkan á ṣáà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè. Bí mo bá ti dáhùn tán, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ike kẹ̀? Nínú ojú?" Àwọn kan ti torí èyí kọ iṣẹ́ abẹ, wọ́n jókòó sílé títí ojú fi fọ́ tán.

Àwa tí à ń bẹ̀rù ike yìí ti gbà á sára tipẹ́. Ọ̀rá tí omi dírípù wà nínú rẹ̀, ike ni. Àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ fún ìyálọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ike ni. Ìgò ni wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí nígbà kan rí, ìgò sì máa ń fọ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ike ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Òwú tí a fi ń rán ẹyinjú, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, náílọ́ọ̀nù ni. Kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa ìwọ̀nyí.

Lẹ́yìn ọmọlójú kọ̀ọ̀kan ni lẹ́ńsì kan wà tí Ọlọ́run dá, tó mọ́ gaara. Bí a ti ń dàgbà, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, á ṣókùnkùn, nígbà mìíràn á funfun débi tí ẹni tó dúró níwájú á fi rí i. Ìyẹn ni kátáráàtì. Kò sí àgbo, kò sí oògùn ìkán-sójú kankan tó lè mú un mọ́ padà. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ló ń fọ́jú àwọn àgbà wa jù lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá yọ lẹ́ńsì tí a kò fi nǹkan dípò rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ la ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, awò la máa ń fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Ohun gbogbo á tóbi ju bó ti yẹ lọ lójú ẹni tó wọ̀ ọ́. Bàbá á na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo la ṣe, ènìyàn kan á di méjì níwájú rẹ̀. Bí awò náà bá sì já bọ́ lóko, tó fọ́, afọ́jú tún dé nìyẹn, nítorí kì í ṣe irú awò tí wọ́n ń gbé kiri tà lọ́jà.

Harold Ridley ló rí ọ̀nà àbáyọ. Dókítà ojú ni ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú tí ọmọ ogun kan, Gordon Cleaver, ń wà. Ike Perspex tó bò ó lórí fọ́ yángá, àfọ́kù rẹ̀ sì wọ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ridley wo ojú Cleaver àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì rí i pé àfọ́kù ike náà dákẹ́ síbi tó wà. Ojú kò wú sí i, kò ṣọyún. Lẹ́yìn ogun, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wò ó bó ti ń yọ kátáráàtì sọ pé ó ṣe ni láàánú pé kò sí lẹ́ńsì mìíràn tí wọ́n lè fi síbẹ̀. Ridley so ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́ ohun tó ti rí nígbà ogun. Ilé iṣẹ́ ICI bá a ṣe Perspex tó mọ́ ju ti ọkọ̀ òfuurufú lọ, ilé iṣẹ́ Rayner bá a gé e, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó fi lẹ́ńsì ike sójú obìnrin ẹni ọdún 45 kan.

Ó yẹ kí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mọ orúkọ ọkùnrin yìí, nítorí ó ti débí. Nígbà ogun yẹn kan náà ló ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, tó sì kọ̀wé lórí àrùn ìfọ́jú etí odò tó ń bá àwọn ará ibẹ̀ jà. Nílé rẹ̀, àwọn àgbà iṣẹ́ kò fara mọ́ lẹ́ńsì rẹ̀. Ní 1951 ó kó àwọn tó ti ṣe ojú fún lọ sí ìpàdé àwọn oníṣègùn ojú ní Oxford, ọ̀gá tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù nígbà náà, Stewart Duke-Elder, kọ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó fi í jẹ oyè Sir. Ó ti wọ inú àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ti fi lẹ́ńsì ike sójú òun fúnra rẹ̀ méjèèjì.

Èyí tí a ń lò báyìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Ridley ní ti ohun èlò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6, ó ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń di ara rẹ̀ mú. Àwọn kan ti wà tó rọ̀, tí wọ́n ń ká kí wọ́n tó tì í gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé, tí á sì na ara rẹ̀ nínú ojú. Bí a bá ti fi sí i, ó di ti títí ayé. Ara lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iná lésà ni wọ́n fi ń là á, kò gba àsìkò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ike yìí ń ṣe. Kátáráàtì tó ń pọ́n máa ń jẹ àwọ̀ búlúù mọ́ ènìyàn lójú, ẹni náà kò sì ní mọ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ìyá aláró kan láti Ìtòkú wá sọ́dọ̀ wa, ẹni tó ti ń rẹ aṣọ láti kékeré. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló mú un wá, wọ́n ní aró tó ń rẹ kò gún régé mọ́, oníbàárà ń kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, mo ṣí báńdéèjì ojú rẹ̀. Ìró àdìrẹ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó gbé etí rẹ̀ sókè, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ta ló tún aṣọ mi rẹ láró?" Kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn èmi náà sunkún.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ ìyá tó dàbí rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ojú ni wọ́n ń bọ́ sí. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń wá. Wọn kì í yọ lẹ́ńsì tó ti bàjẹ́, wọ́n kàn ń gún ojú, wọ́n á tì í ṣubú sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé lójú ẹsẹ̀, màmá á ka ìka ọwọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ á sanwó. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, oníṣègùn ti kúrò nílùú. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn torí kátáráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì í ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti fọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ wọ́n wò.

Àìmọ̀kan nìkan kọ́ ló ń gbé wọn lọ síbẹ̀. Owó ni. Òkè òkun ni lẹ́ńsì ti ń wá, dọ́là tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 sì ti kọjá 1,400 nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Orí ìyá aláró ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Àwọn mìíràn ti bá irú owó yìí jà, wọ́n sì borí. Ní Madurai, ìhà gúúsù Íńdíà, Dókítà Govindappa Venkataswamy dá ilé ìwòsàn Aravind sílẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì 11, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò, ìka yẹn náà ló fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ní 1992 àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ láti máa ṣe lẹ́ńsì fúnra wọn. Èyí tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là láti òkè òkun, wọ́n ṣe é tà ní nǹkan bíi dọ́là 10, owó náà sì tún wálẹ̀ sí i. Ẹ má sọ pé Íńdíà tóbi jù wá lọ. Ẹrítíríà tó gbòmìnira ní 1993, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun ọgbọ̀n ọdún, ní ilé iṣẹ́ lẹ́ńsì ní Asmara ní 1994, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ tí dókítà ojú ọmọ Ọsirélíà nì, Fred Hollows, fi sílẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ tún wà ní Kathmandu ní Nẹ̀páà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó dìgbà tí a bá ń fi epo rọ̀bì wa ṣe irú ike náà kí a tó lè ṣe lẹ́ńsì tiwa. N kò gbà. Ike tó wà nínú lẹ́ńsì kan kò tó nǹkan rárá. Wọ́n lè ra ike náà ní kékeré róbótó, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ohun tó wọ́n ni yàrá tí eruku kò wọ̀, iná tí kì í ṣẹ́jú, ọwọ́ tó mọṣẹ́, àti ẹni tó máa yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò kó tó jáde. Ó sì gba oníbàárà tó dájú. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì lè jẹ́ oníbàárà yẹn bí wọ́n bá pa owó pọ̀. Àjọ DAWN tó wà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kó kó àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí jọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ jọ máa rà á pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ wo ojú wọn lọ́sàn-án gangan. Bí ọmọlójú bá ń funfun, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ìjọba tó súnmọ́ yín. Ẹ béèrè bóyá ìwéwèé ìlera ìpínlẹ̀ yín ń san owó iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì béèrè ti lẹ́ńsì lọ́tọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n wọn ojú náà kí wọ́n tó mú nọ́ńbà lẹ́ńsì, pàápàá bó bá jẹ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí olóṣèlú gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyá yín.