Fọ́tò Ojú-Ẹja: Ṣé Àtúnṣe Ni, àbí Ìtumọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ìdí fọ́tò lónìí: "àtúnṣe". Bí a bá fi lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní ojú-ẹja ya ilé kan, òpó ilé náà yóò tẹ̀ bí ọrun, ògiri rẹ̀ yóò sì wú bí agbè. Ètò kọ̀ǹpútà wà tí ó lè na gbogbo rẹ̀ kí ó tún gún, àwọn onífọ́tò a sì máa sọ pé àwọn ti "ṣe àtúnṣe" rẹ̀. Èmi kò bá iṣẹ́ náà jà. Orúkọ tí a fún un ni mo ń bá jà, nítorí pé ẹni tí ó ń tún nǹkan ṣe ti gbà ṣáájú pé nǹkan ọ̀hún bàjẹ́.

Ṣé ó bàjẹ́ lóòótọ́? Robert W. Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ni ó mú orúkọ ojú-ẹja wọ inú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1906. Ó ṣàlàyé pé bí ẹja bá gbójú sókè láti inú omi tí ó pa rọ́rọ́, gbogbo ojú ọ̀run ni yóò rí nínú òbìrìkìtì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 97, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú omi. Ní ọdún 1924, Robin Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe lẹ́ńsì tí a lè fi ya gbogbo ojú sánmà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó di 1962, ilé-iṣẹ́ Nikon gbé èyí tí ó ń rí ìwọ̀n dígírì 180 jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kí a lè rí ohun gbogbo ni ìlà fi ń tẹ̀. Owó ọjà náà ni, kì í ṣe àbùkù rẹ̀.

Ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ là á sí méjì, kí ẹ jẹ inú rẹ̀ tán, kí ẹ wá tẹ èèpo rẹ̀ mọ́ orí tábìlì kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá ya, yóò fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ níbì kan. Ayé tí ó yí wa ká dà bí inú èèpo náà. Fọ́tò ni tábìlì. Kò sí lẹ́ńsì tí ó lè tẹ́ ayé pẹrẹsẹ láìsan nǹkan kan. Lẹ́ńsì tí a mọ̀ mọ́ra yàn pé kí ìlà tí ó tọ́ máa tọ́ lọ, ó sì ń fi etí àwòrán san án. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò ojú-ẹja, ohun tí ó fi ìwọ̀n dígírì 80 yà sí àárín yóò jìnnà sí àárín ní ìlọ́po 2 ju èyí tí ó yà sí i ní 40 lọ. Bí a bá na fọ́tò náà tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 7. Ohun tí ó wà ní 90 kò tilẹ̀ lè sí níbẹ̀ mọ́, bí ó ti wù kí pépà náà fẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí a fi ń gé etí sọnù.

Ta ni ó sì máa ń dúró ní etí? Ẹ wo fọ́tò ìdílé níbi ìnáwó. Àárín ni a ń fi àwọn àgbà sí. Àwọn ìyàwó kékeré, àwọn ọmọdé àti onílù ni wọ́n ni etí. Bí a bá na irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, orí wọn á fẹ̀ bí àtẹ, a ó sì gé wọn kúrò kí àwòrán lè dùn ún wò. Ní ọgbọ̀n ọdún sí i, ògiri yóò gún régé, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ onílù kò ní mọ̀ pé bàbá òun wà níbẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí a má nà án rárá. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ẹni tí kò dé ààfin kan rí, tí ó rí òpó gbígbẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ nínú fọ́tò, lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni agbẹ́gilére ṣe gbẹ́ ẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìlà tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n olùwádìí tí ó gbé kámẹ́rà kọjú sókè nínú igbó, tí ó fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ń gba àárín ewé kọjá ti pọ̀ tó, yóò ba ìṣirò ara rẹ̀ jẹ́ bí ó bá nà án. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwa tí a ń kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, tí a wá kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lóye rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ sọ pé a tún ọ̀rọ̀ bàbá náà ṣe. Bàbá kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìtumọ̀ ni a ṣe, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ohùn àkọ́kọ́ nù.

Ìlànà yẹn náà ni mo fẹ́ fún fọ́tò. Bí ẹ bá ní fọ́tò ojú-ẹja, pàápàá ti àgbàlá tàbí ìdílé, ẹ tọ́jú èyí tí ẹ yà gan-an. Bí ẹ bá na òmíràn fún ìwé tàbí fún ògiri, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "a mú ìlà rẹ̀ tọ́, a sì gé etí rẹ̀." Ẹni tí ó bá ka ìyẹn yóò mọ̀ pé etí kan wà tí òun kò rí, yóò sì mọ ohun tí òun lè béèrè.