Orin Nìkan Kọ́ Ni Rédíò

Ẹ̀yin ará wa lẹ́nu iṣẹ́,

Nígbà tí wọ́n fi wáyà fa rédíò wọ inú ilé l'Ékòó ní ọdún 1935, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Kì í gba èsì, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀! Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní 2003, a máa po orin, àwàdà àti ọ̀rọ̀ ìlú pọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé èèyàn ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lónìí, orin lórí orin ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Awakọ̀ jáde ní gáréèjì láàárọ̀ kùtù, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀nà ti dí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn ń fi owó ara rẹ̀ ra àkókò, ó sì ń wá ìpolówó kiri lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ṣé òun ni yóò wá sọ pé ọ̀gá jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù? Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ohun tí à ń bèèrè nìyí: kí orin máa dún, kí ìròyìn àdúgbò wà láàárín rẹ̀, kí ẹni tí ó mọ ìlú máa sọ ọ́, kí wọ́n sì sanwó oṣù fún un. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!