Ta Ni Yóò Gbé Ìbọn Náà?

Ní ìpàdé àwa onílé ní àdúgbò wa ní Mowé, ní ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ti kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, arákùnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan tó kó wọ ilé ara rẹ̀ dìde, ó ní kí àwọn àgbà má bínú bí ọ̀rọ̀ òun bá le, ṣùgbọ́n oorun ti dá lójú òun láti òru tí àwọn olè ti wọ ilé kejì sí tòun. Ó ní òun ti kó owó díẹ̀ jọ, òun sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nínú wa sọ irú ìbọn ìléwọ́ tí òun lè kọ́kọ́ rà fún òun, àti irú ọta tó yẹ kí òun ki sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí páànù òrùlé ara rẹ̀ lóru rí, tí ó di ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mú kó má baà sunkún, kò ní í fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro èsì tí mo lè fún un, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, nítorí mo mọ̀ pé láti Ìbàfo dé Ìfọ̀, kì í ṣe òun nìkan ló ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti òfin kúrò nílẹ̀ ná. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959, nígbà tí òmìnira kù ní ọdún kan, ló ṣì ń darí wa títí di òní, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Èyí tó kà léèwọ̀ fún ará ìlú ni àgbá ogun, ìbọn arọ̀jò ọta àti ìbọn àwọn ọmọ ogun. Inú ọ̀wọ́ yìí gan-an ló fi ìbọn ìléwọ́ sí, ìbáà ṣe revolver tí ikùn rẹ̀ ń yí, ìbáà ṣe ti láéláé tí òkúta ń ṣáná sí, kò sì sí ẹni tó lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀ àfi Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọdẹ ń lò ń bẹ lábẹ́ ìwé àṣẹ àwọn ọlọ́pàá, ṣakabùlà pàápàá sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ̀lú ìbọn eléèwọ̀ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni òfin là sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin wa ń béèrè èyí tí yóò kọ́kọ́ rà, ọjà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì ló ń kàn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú òfin yìí tí mo fẹ́ràn gidigidi, tí ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹ̀yìn àwọn ọdẹ wa ni ẹni tó kọ ọ́ ń rìn. Ó ní a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí ọtí ń tì kiri, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí yóò gbé ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bàbá mi àgbà, tí ó ṣọdẹ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìfọ̀ títí agbára rẹ̀ fi kọ̀, ti gbé àpò ẹran fún ọ̀gá rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ṣakabùlà. Ọ̀rọ̀ ọta tí arákùnrin wa rò pé a lè parí ní gbólóhùn kan, ẹ̀kọ́ ọdún pípẹ́ ni fún àwọn ọdẹ. Ọdẹ ni yóò wọn ẹ̀tù fúnra rẹ̀, tí yóò fi ìhá dè é, tí yóò da ọta lé e, tí yóò tún dè é. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lójú, bí ó bá sì kéré jù, ẹran yóò gbé ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Nígbà tí ọta onípáálí dé, èyí tí wọ́n ti di ẹ̀tù àti ọta papọ̀ láti ilé iṣẹ́, wọ́n tún ní láti kọ́ pé bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára bá ṣe pọ̀ tó ni hóró ọta inú rẹ̀ ṣe kéré tó, pé èyí tó yẹ ẹyẹ kò tó àgbọ̀nrín, àti pé nọ́ńbà 12 tí wọ́n ń pe ìbọn náà kì í ṣe ti ọta rárá: ó túmọ̀ sí pé òjé roboto 12 tó bá ẹnu ìbọn mu ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí iná orí ọdẹ bá tan mọ́ ojú méjì nínú òkùnkùn, kò ní í yìnbọn títí yóò fi mọ ohun tó ni ojú náà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi àgbà máa ń sọ fún wa pé ojú èwúrẹ́ náà a máa tàn lóru.

Kí ló wà lẹ́yìn olè ní Mowé? Ilé ni. Ògiri ọ̀kan gbé ara lé ti èkejì, fèrèsé wa kọjú síra wọn, ilẹ̀kùn onígi àti ajà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì lè dá ọta dúró. Àní ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun ìṣeré ọmọdé, àwọn tó ń ṣe é a máa kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè ṣe ènìyàn léṣe ní ibi tó ju ibùsọ̀ kan lọ. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò yìnbọn rí, tó na ọwọ́ sínú òkùnkùn: ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tó jí lọ mu omi ni òjìji tó rí? Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa mọ bí a ṣe ń gun àga, kò sì sí ibi tí a lè fi ìbọn pamọ́ sí nínú yàrá méjì tí wọn kò ní í rí i. Bí a bá sì tì í mọ́ inú àpótí gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, olè yóò ti wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde.

N kò tíì sọ ti ẹni tí yóò tà á. Ẹni tó ń ta ìbọn ìléwọ́ ní kọ̀rọ̀ fún onílé kò ní í kọ̀ láti tà á fún olè, ìbọn tó sì tà lè ti gba ẹ̀mí kan kí ó tó dé ọwọ́ wa. Bí ọlọ́pàá bá bá a lábẹ́ ìrọ̀rí wa, ta ni yóò gbà pé olè la tìtorí rẹ̀ rà á? Bí ó bá sì jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ tó fi páìpù lásán ṣe é, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ni yóò kọ́kọ́ ṣe lọ́ṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní ṣé kí a wá káwọ́ gbera ni, àwa Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí tí a kì í sá fógun? Rárá o. Nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ogun tí ìró ìbọn fún lórúkọ, ohun tó ran àwọn Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ ni pé àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó parapọ̀ láti wá ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí ojú ogun, níbi tí Ògèdèǹgbé ti ń pàṣẹ. Kì í ṣe pé oníkálukú fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún nìyí: kí owó tí arákùnrin wa kó jọ bọ́ sínú àpò àdúgbò, kí a fi gba ọdẹ tí a mọ ilé bàbá rẹ̀, tí ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ pé, kí a sì tan iná sí orígun òpópónà. Èmi kò gbà pé èyí mú ẹrù kúrò lọ́rùn ìjọba. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà Yorùbá ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2020, a ti ń retí kí a máa rí wọn lóru ní àwọn ọ̀nà inú tí kò ní ọ̀dà, kì í ṣe lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nìkan. Ìbẹ̀rù tó ń lé onílé lọ sọ́dọ̀ oníbọn kọ̀rọ̀, àìrí ọlọ́pàá ló bí i, mo sì fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ wa ní Abẹ́òkúta gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa: arákùnrin wa san owó náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí akápò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa báyìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í fẹnu kan ọtí, inú ọ̀rá ló sì di ìwé àṣẹ ṣakabùlà rẹ̀ sí nítorí òjò. Bí ó bá dé iwájú ilé mi ní nǹkan bí agogo méjì òru, yóò fi irin lu òpó iná lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnìkan yóò sì wúkọ́ láti inú ilé arákùnrin náà láti fi dá a lóhùn.