Ọdún tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn ìnfúlúẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó. Kò pẹ́ rárá tó fi bá ojú irin àti ọ̀nà ọjà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ẹni tó jí sáyé láàárọ̀ lè má rí alẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà òyìnbó, kò sì sí lọ́wọ́ adáhunṣe. Ọdún yẹn kan náà ni Ogun Adùbí jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí, bẹ́ẹ̀ ni ogun ńlá tí wọ́n ń jà ní Yúróòpù kò tíì parí. Nígbà tí ìjọba rí i pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni àrùn ti ń ràn jù, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tì pa ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, lásìkò tí àwọn èèyàn nílò rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo Ìjẹ̀bú ìgbà yẹn. Ìjẹ̀bú kò gba oníwàásù òyìnbó láyè bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìbọn òyìnbó ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892 ni ìgbàgbọ́ tó ráyè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 26 péré ló wà láàárín ogun yẹn àti àjàkálẹ̀ àrùn yìí. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún ní 1918, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ni wọ́n bí i sí. Ó ti fi Ifá bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kọ́ ABD, ó ti ṣèrìbọmi, ó ti gba orúkọ tuntun. Wọ́n sọ fún un pé abẹ́ ààbò ló wà. Àrùn wá dé, ṣọ́ọ̀ṣì tì. Ibi tó ti kúrò, ojú ń tì í láti padà síbẹ̀. Ibi tó sá wá, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ ni J. B. Shadare. Òun àti àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà. Àlá tí ọ̀kan lára wọn lá ló kọ́kọ́ kó wọn jọ, wọn ò sì fọwọ́ rọ́ àlá náà sẹ́yìn, torí Yorùbá kì í fi àlá ṣeré. Ẹ̀yìn náà ni Sophia Odunlami dara pọ̀ mọ́ wọn. Tíṣà ni obìnrin yìí. Àrùn náà gbé òun alára dè mọ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní òun gbọ́ ohùn kan, pé kí àwọn aláìsàn lo omi òjò, kí wọ́n máa gbàdúrà sí i, kí wọ́n má lo nǹkan mìíràn. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Láti ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìjọ tó di Christ Apostolic Church ti ta.

Omi òjò! Oṣù kẹwàá, ìgbà àrọ̀kúrò ni. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà látorí òrùlé sínú ìkòkò tí ìyá ilé gbé kalẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri. Kò sí ẹni tí yóò rà á, kò sí ẹni tí yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọba tàbí àjẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti gbé ìgbàgbọ́ tuntun wọ̀ ṣì rántí pé omi kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ lójú àwọn bàbá rẹ̀, pé omi tútù ni wọ́n fi ń tu ilẹ̀ lójú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣàjèjì sí wọn.

Ẹ wá bá mi rò ó síwájú sí i. Ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ta ni yóò bu omi inú ìkòkò náà? Ó di dandan kí ẹnì kan wọlé. Ó di dandan kó gbé orí aláìsàn lé itan, kó fi igbá kan án lẹ́nu, kó dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Lásìkò tí kálukú ń sá fún kálukú, tí wọ́n ń sin òkú ní kánmọ́kánmọ́, ẹnì kan wọlé tọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bóyá omi náà ló wò wọ́n sàn. Ohun tó dá mi lójú ni pé wíwọlé yẹn ló jẹ́ kí ayé tún nítumọ̀ lójú wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó kàwé, ó ti ṣe agùnbánirọ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré. Nígbà tí wọ́n sé ìlú mọ́ nítorí àrùn kòrónà ní Èkó àti Ògùn ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, orí fóònù ló ti ń jọ́sìn bíi ti gbogbo wa. Ìyẹn kò mì ín. Àìsàn bàbá rẹ̀ ló mì ín. Wòlíì kan wá sílé wọn, ó ní Olúwa fi hàn òun pé bàbá náà kò ní kú. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n sanwó ohun tí wòlíì ní kí wọ́n san. Bàbá kú. Ọmọ náà jókòó sínú pálọ̀ mi, ó ń fọwọ́ ra bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má bínú o, mi ò mọ ohun tí mo gbà gbọ́ mọ́.”

Irú rẹ̀ pọ̀ lónìí. Owó náírà ti di yẹpẹrẹ, owó epo bẹntiróòlù fò sókè láti oṣù karùn-ún 2023, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti japa tán. Àwọn kan ń ti ìjọ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan ti padà sídìí Ìṣẹ̀ṣe, débi pé ní 2023 ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọdún Ìṣẹ̀ṣe nínú oṣù kẹjọ. Àwọn mìíràn ò lọ síbì kankan. Wọ́n kàn ń sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ Sunday ni. Bí wọ́n bá ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà nílé, a óò ní ìwé ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, tàbí pé ẹ̀mí kan ló ń bá wọn jà. Ó ń dùn mí. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ni Shadare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè. A ti sọ àwọn tó béèrè nígbà náà di bàbá ìgbàgbọ́, a wá ń sọ àwọn tó ń béèrè lónìí di ọmọ búburú.

Ẹ tún wo àwọn mìíràn tí ìpè dé bá, ẹnu ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ wọn ni wọ́n wà. Ní oṣù kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ ọdún 24 láti Odò-Ọ̀wá, ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún PWD, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà kú. Ó tún un ṣe títí, kò jí. Ibẹ̀ ló ní òun ti gbọ́ ohùn pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkejì-Arákejì lónìí. Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin ni nígbà tó lọ wòran àwọn Àgùdà tí wọ́n ń ṣe ọdún Corpus Christi ní Èkó lọ́dún 1925, tó délé tí kò mọ ibi tó wà mọ́. Mósè Orímóládé tí wọ́n ranṣẹ́ pè láti gbàdúrà fún un, arọ ni láti kékeré, ọmọ Ìkàrẹ́, tó ń ti ìlú dé ìlú wàásù. Ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Bilewu Oshoffa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Igi ló wá lọ sínú igbó lọ́dún 1947 tó fi ṣìnà fún oṣù mẹ́ta, kó tó jáde wá dá Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run wá sílẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ti Òkè-Oòyè ní Iléṣà, oṣù keje 1930. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ará Òkúta Iyebíye ti so mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn àti lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀. Owó kòkó ti já wálẹ̀, ara ń ni gbogbo ìlú. Àwọn olórí kóra jọ sí Iléṣà láti yanjú aáwọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni ariwo ti gba ìta, pé Babalọlá ń gbàdúrà, ara àwọn aláìsàn sì ń yá. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Ìbàdàn àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìgò àti akèrègbè omi lọ́wọ́. Mo máa ń ronú nípa yàrá tí àwọn àgbààgbà yẹn wà. Ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì, mi ò ní kí wọ́n má jiyàn. Àmọ́ ohun tí ìlú ń wá ti wà níta ná, kí àwọn tó wà nínú ilé tó parí àríyànjiyàn wọn.

Ibì kan wà tí èmi àti àwọn ará Òkúta Iyebíye ò ti pàdé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lọ́dún 1922 ni wọ́n kúrò ní Áńgílíkà, lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lórí pé wọn ò gbọdọ̀ lo oògùn kankan. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́ láti 1931, kùìnáìnì tí àwọn òyìnbó náà ń lò sí ibà wà lára ohun tó tú wọn ká lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní 1918, kò sí oògùn tí ẹni tó lo omi òjò kọ̀ sílẹ̀ tí ì bá wò ó sàn. Omi àti àdúrà ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí kùìnáìnì ti wà, tí ọmọ kékeré ń gbóná bí iná, òfin tó ní kí ìyá rẹ̀ má fún un ní nǹkan kan ti yàtọ̀ sí àánú tó kó wọn jọ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó tu àwọn èèyàn nínú nígbà tí ojú ń pọ́n wọn ni wọ́n fi ṣe àjàgà lẹ́yìn náà. Bíi ti wòlíì tó lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ni. Mo gbà pé ó lè fẹ́ tu ìyàwó ọ̀rẹ́ mi nínú. Ṣé kò lè jókòó tì wọ́n láìṣèlérí ni?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì nìkan o. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12 lọ́dún 1993, tí ìlú dàrú, tí ológun gbàjọba, àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó dá ẹgbẹ́ àdúrà NASFAT sílẹ̀ ní 1995. Wọ́n fi àsáláátù sí àárọ̀ Sunday, torí ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ kò sí. Àdúrà náà wà lákọsílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti kà pa pọ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Kò sí ẹni tó ní òun ṣàwárí ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Wọ́n kàn ń pàdé ni, wọ́n ń pàdé déédéé, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ bí Nàìjíríà yóò ṣe rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé mi ò ní bá a wá ìdáhùn, torí mi ò ní in. Mo ní kó má fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó má dá gbé e. Kó máa lọ kí àwọn tí ara wọn kò yá ládùúgbò rẹ̀, kódà bí kò bá lè gbàdúrà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi lásán ló lè bù fún wọn mu, kó bù ú.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin babaláwo tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ní òun ò mọ ohun tí òun gbà gbọ́ mọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má sáré gbọ́wọ́ lé e lórí. Ẹ bi í léèrè ẹni tó kú, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì dẹ́kun àsọtẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó wà lórí àìsàn. Ìdílé kan tó gba ìlérí gbọ́ tí kò ṣẹ, òkú méjì ni wọ́n ń sin pọ̀.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi, wòlíì yẹn ò tíì tún fẹsẹ̀ tẹ ilé opó rẹ̀. Bó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, kó lọ. Kó má mú àbẹ́là dání, kó má ríran sí ẹnikẹ́ni. Kó dá owó wọn padà, kó jókòó, kó sì fetí sí ohun tí obìnrin náà fẹ́ bá a sọ.