Mósè Kì Í Ṣe Awakùsà

Ọ̀rọ̀ géèmù la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé mọ ìdí rẹ̀: fóònù ò kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn òbí kan sì ti ń wí pé bó bá jẹ́ géèmù ìtàn Bíbélì ni ọmọ ń ta, kò burú. Ní tiwa, a rò pé orúkọ Bíbélì lára géèmù kò tó. Ohun tí géèmù náà ń ní kí ọmọ máa ṣe ló yẹ ká wò.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó ti pẹ́. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ kan ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, Color Dreams, gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Crystal Mines. Róbọ́ọ̀tì kan wà nínú ihò ìwakùsà, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń kó òkúta iyebíye, ó ń sá fún àpáta tó lè já lù ú. Ó gba àròjinlẹ̀ gan-an, torí bí o bá gbẹ́ ibi tí kò yẹ, o ti há mọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ní 1991, àwọn èèyàn yìí kan náà lo orúkọ tuntun, Wisdom Tree, wọ́n gbé Exodus jáde, ìtàn bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì. Ẹni tó bá ti ta ti àkọ́kọ́ rí á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ihò yẹn náà ni, àpáta yẹn náà ló ń já bọ́. Wọ́n kàn yọ róbọ́ọ̀tì, wọ́n fi Mósè sípò rẹ̀. Dípò òkúta iyebíye, mánà ló ń kó. Lẹ́tà W ló sì ń yìn lu ọ̀tá, wọ́n ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyẹn. Wọ́n wá fi ìbéèrè Bíbélì há a láàárín. Ní 1992, wọ́n tún un kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní Jóṣúà ní Jẹ́ríkò ni.

Kí ló fà á? Ọjà ni. Nintendo ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta géèmù wọ̀nyí, Nintendo sì ti fi adènà kékeré kan sínú ẹ̀rọ náà kí ẹni tí kò gba àṣẹ má lè ṣe géèmù fún un. Color Dreams wá ọgbọ́n yẹ adènà náà sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé bí àwọn bá ta ọjà wọn, Nintendo lè má kó ọjà fún àwọn mọ́. Ilé ìtàwé àwọn Kristẹni ní tirẹ̀ kì í ta ọjà Nintendo, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. A ò sọ pé kò sí onígbàgbọ́ nínú wọn o. Ọjà ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ wá wo ohun tó sọnù. Nínú Ẹ́kísódù orí 16, kò sẹ́ni tó wa kùsà kó tó rí mánà. Ìrì á gbẹ, mánà á wà lórí ilẹ̀ gbalaja. Ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye ẹnu tó wà nínú àgọ́ rẹ ni wàá kó. Ẹni tó bá fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì, á bá ìdin níbẹ̀, á sì máa rùn. Ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kó, ìyẹn kò sì bàjẹ́. Ní ọjọ́ keje, kò sí rárá. Géèmù ti wà níbẹ̀ tán! Olójúkòkòrò ló máa pàdánù. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mùsùlùmí náà mọ Músá, ẹ sì mọ̀ pé mánà wà nínú Al-Kùránì, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Jẹ́ríkò ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀méje ní ọjọ́ keje, ìyípo 13 lápapọ̀, láìjẹ́ kí ará ìlú pariwo kí àsìkò tó tó. Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́ kíkà àti iṣẹ́ pípa ẹnu mọ́, kí ẹ wò ó bí kò bá ní ronú! Ti Sámúsónì tilẹ̀ wá ṣe tààrà: àlọ́ ló pa fún ọgbọ̀n ọ̀dọ́kùnrin níbi àsè, ó fún wọn ní ọjọ́ méje. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ àpamọ̀ tọ́ dàgbà, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù amúnironú?

Ẹnì kan lè ní ọmọ ò bìkítà, eré ló ń wá. Òótọ́ ni, Exodus sì dùn ún ta. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà léèrè lẹ́yìn tó ta á tán pé kí ni Mósè ṣe. Á ní ó ń gbẹ́ ilẹ̀.

A ò bá géèmù àtijọ́ jà o. Àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké yẹn, tí àwọn kan tún ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe báyìí, bá wa mu ju ti olówó ńlá lọ. Kì í jẹ mẹ́gà púpọ̀, fóònù olówó pọ́ọ́kú gbà á, ẹnì kan tàbí méjì sì lè ṣe é parí. Ìdí nìyí tí a fi ń bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, láti Pọ̀bẹ̀ títí dé Atakpamé. Ẹ má kan mú géèmù ẹlòmíì kí ẹ fi Yorùbá kùn ún lójú. Faransé ni àwọn ọmọ wa ń kà nílé-ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Géèmù lè jẹ́ Yorùbá àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà láìsí pàṣán. Ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ará Kétu gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níbẹ̀, kó má jẹ́ ti Èkó nìkan.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú mánà. Ipele mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́fà, iye ẹnu nínú àgọ́ yàtọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ní ipele keje, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ láti kó. Ọmọ á gbé fóònù sílẹ̀, á lọ jẹun.